Ohun tí Káfíńtà Sọ Lẹ́nu Ọ̀nà Sinimá

Ọ̀sán Sátidé kan ni obìnrin kan àti káfíńtà kan pàdé, lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde nílé sinimá, nígbà tí àwọn èèyàn ń tú jáde láti ibi fíìmù Íńdíà kan tí wọ́n ti ń retí fún oṣù méjì. Oníròyìn rédíò ni obìnrin náà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ́jọ́ náà ni pé kó na rẹ́kọ́dà sẹ́nu àwọn tó ń jáde, kó bi wọ́n bí wọ́n ṣe rí fíìmù ọ̀hún sí, kó sì gbé ohùn wọn sórí afẹ́fẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá máa ń sọ̀rọ̀ bó bá dúró síwájú rẹ̀.

Fíìmù ìjà tó ní ẹ̀fẹ̀ nínú ni fíìmù náà. Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ alásè ni wọ́n jọ ń lé àwọn tó jí ẹ̀gbà ọrùn iyebíye kan. Àwọn tó rí ìpolówó rẹ̀ ti rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di inú mú. Ìgbà tí wọ́n wá wo odindi rẹ̀ tán, wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú gbáko, ojú wọn ti yí padà.

Tíṣà ìṣirò kan sọ pé gbogbo ibi tó dùn níbẹ̀ ló ti wà nínú ìpolówó, pé omi ni wọ́n bù lé ìyókù. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ ní òun ò bá àwọn eléré jà o, àmọ́ ẹni tí wọ́n yìnbọn lù lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán, kó kọ́kọ́ jókòó sinmi kó tó dìde jó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti ibi fíìmù wíwò kọ́ èdè Hindi ń bínú sí àwọn tó kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀, ó ní wọ́n fo gbogbo ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀, òun nìkan ló ń dá rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn sì ń wo òun bíi wèrè. Tọkọtaya kan ò tiẹ̀ lè fẹnu kò. Ọkọ ní òun gbádùn rẹ̀ gan-an. Ìyàwó ní irọ́ ni, òun lòún jí i nígbà tí wọ́n tan iná.

Ẹni tó jáde gbẹ̀yìn ni káfíńtà. Òun ló ń tún àwọn àga inú gbọ̀ngàn náà ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé sinimá gan-an. Ohun tí oníròyìn ò mọ̀ ni pé àbúrò bàbá káfíńtà ló ni ilé sinimá ọ̀hún, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Sinimá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni káfíńtà nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú. Bàbá Sinimá àti ìyàwó rẹ̀ ló mú un sọ́dọ̀, tí wọ́n tọ́ ọ bí ọmọ bíbí inú wọn. Ìyàwó náà ti di olóògbé lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn.

Káfíńtà ò yára dáhùn. Ó wo rẹ́kọ́dà, ó wo ẹni tó mú un dání, ó rò ó síwá rò ó sẹ́yìn.

Ó ní, "Fíìmù yìí dà bí àga tí wọ́n fi pọ́líìṣì kùn títí tó ń dán, tí wọ́n wá gbàgbé láti kan ìṣó sí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bá jókòó lé e lẹ máa tó mọ̀." Oníròyìn bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé ó ti tán, ó ti fẹ́ pa rẹ́kọ́dà, àmọ́ ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá arúgbó yẹn ti ń rán apá aṣọ ọmọ rẹ̀ tó ya, tí kò sì mọ̀ mọ́ pé ọmọ òun ni, torí ibẹ̀ yẹn, èmi á tún un wò. Ẹni tó mú fíìmù yìí wá ṣe wá lóore."

Oníròyìn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà béèrè bóyá ó ti jẹun. Ó ní òun ti jẹun, kò sì tíì jẹun. Nígbà tó délé ló ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tóun fi parọ́.

Ìṣẹ́jú méjì péré ni olóòtú fún un láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó gé ọ̀rọ̀ tíṣà, ó gé ọ̀rọ̀ obìnrin ìfìwéránṣẹ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ káfíńtà ṣáájú gbogbo wọn torí òun ló pani lẹ́rìn-ín jù. Èyí tó sọ nípa bàbá arúgbó tó ń rán aṣọ, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé bí òun bá fi sílẹ̀, ẹ̀rín á ti tán lẹ́nu èèyàn kí ti ẹni tó kàn tó dé. Ó gé e.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà ti ń jà ràn-ìn káàkiri. Bí ẹnì kan bá fẹ́ bú nǹkan, á ní àga aláìníṣòó ni. Nígbà tó di Wẹ́sìdeè, èèyàn méje péré ló wà nínú gbọ̀ngàn tó ń gba irinwó.

Bàbá Sinimá náà gbọ́ rédíò láàárọ̀ Mọ́ńdè yẹn. Ó mọ ohùn ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ àwọn tó ń pín fíìmù náà, torí pé láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti fẹ́ràn fíìmù Íńdíà, ó sì ti tó ọdún mọ́kànlá tí irú rẹ̀ ti hàn nínú gbọ̀ngàn rẹ̀ kẹ́yìn. Kò pariwo. Ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé, ó ní kí káfíńtà kó àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ jáde kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Káfíńtà ní ohun tóun sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò gbé e tán ni. Bàbá Sinimá ní òun ní etí, ohun tóun gbọ́ lòún gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni káfíńtà wá oníròyìn lọ síléeṣẹ́ rédíò. Nígbà tí wọ́n pe oníròyìn sísàlẹ̀ pé ẹnì kan ń béèrè rẹ̀, tó rí ẹni tó jẹ́, inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ló rí ojú ọkùnrin náà. Kò bínú, àmọ́ ó ti rù. Ó bi í ìdí tó fi gé ọ̀rọ̀ òun. Oníròyìn ní àkókò ò sí. Ọkùnrin náà ní báwo ni èyí tó gé ṣe gùn tó. Ó ní ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú tì í, torí bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rí bó ṣe kéré tó.

Káfíńtà wá sọ gbogbo bó ṣe jẹ́ fún un: ẹni tí Bàbá Sinimá jẹ́ sí i, àti pé ó ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi kan tó háyà lẹ́yìn ilé epo, ibi tí òjò ti ń rọ̀ lé pákó rẹ̀ lórí. Oníròyìn ní òun á lọ sọ òtítọ́ fún bàbá náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ọkùnrin náà kọ̀.

"Bí ẹ bá lọ, ẹ̀yin ni yóò máa bínú sí. Ẹ jẹ́ kó máa bínú sí mi. Èmi ọmọ rẹ̀ ni, á tó rọ̀."

Kò rọ̀. Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá. Oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ilé epo kọjá bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ọ̀nà tó jẹ́ pé ìlọ́po méjì ni bá a bá fi wé èyí tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń lọ torí ẹ̀rí ọkàn. Nígbà tó yá, ẹ̀rí ọkàn ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, eruku pákó á bò ó ní bàtà, á máa sọ̀rọ̀ àwọn tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún un, ọkùnrin náà á sì máa fá pákó, á máa gbọ́. Kì í dá sí ọ̀rọ̀ títí á fi parí. Oníròyìn, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gé ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn, ò tíì rí ẹni tó ń gbọ́ òun tán bẹ́ẹ̀ rí. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí kò rí i, iṣẹ́ kì í yá a lọ́wọ́.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, káfíńtà ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó sọ ọ́ bó ṣe ń sọ gbogbo nǹkan, láìkánjú, pẹ̀lú pẹ́ńsù lẹ́yìn etí. Oníròyìn ní òun náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wá bẹ̀rẹ̀.

Ìyá oníròyìn, nọ́ọ̀sì ni, ní wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún. Òun nìkan ló tọ́ ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í jiyàn, tí kì í sọ pé nǹkan kan ò dáa, títí di ọjọ́ kan tó kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò méjì tó sì lọ. Láti ìgbà yẹn ni ìyá ti ń fi iyè méjì wo gbogbo ọkùnrin tó bá dákẹ́. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé ta ni yóò wá jókòó ní pálọ̀ òun lórúkọ ọkọ yìí. Oníròyìn ní ó ní àbúrò bàbá, àmọ́ wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìyá ní, "Ẹni tó tọ́ ọ lé e jáde, òun náà sì lọ láìjà láìta. Irú wọn kì í bá èèyàn jà, ọmọ mi. Wọ́n kàn máa ń lọ ni. Lọ bá a tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe ná, kó o tó sọ pé o fẹ́ kọ́ tìrẹ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ oníròyìn lára ju bó ṣe jẹ́ kí ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwà tútù ló mú kí káfíńtà dákẹ́, àbí ìjà ni kò lè jà? Bóun bá sì fẹ́ ẹ tán, tóun ṣẹ̀ ẹ́, ṣé á sọ, àbí á kàn kó irinṣẹ́ rẹ̀?

Káfíńtà ní tiẹ̀ rán Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì sí Bàbá Sinimá. Obìnrin yìí ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé ilé sinimá náà kó tó di pé wọ́n fa iná ẹ̀lẹ́tíríkì tuntun síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù nínú ilé náà. Ó lọ jíṣẹ́. Bàbá Sinimá bi í pé iṣẹ́ wo ni ìyàwó ọ̀hún ń ṣe. Nígbà tó gbọ́ pé oníròyìn orí rédíò yẹn gan-an ni, ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ òun pé ó ti fi ohùn rẹ̀ ta òun lẹ́ẹ̀kan, kó má wá fi ìgbéyàwó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì ò lọ jẹ́ iṣẹ́ yẹn fún káfíńtà. Iléeṣẹ́ rédíò ló gbà lọ. Ó sọ fún oníròyìn pé òun ti wo ọ̀rọ̀ yìí yíká, kò sí alágbàfọ̀ tó lè fọ̀ ọ́ bí kò ṣe ẹni tó da epo sí i. Ó ní kó lọ fúnra rẹ̀, kó lọ ní òwúrọ̀ kí gbọ̀ngàn tó ṣí, kó má sì gbé nǹkan kan dání láti fi bẹ̀bẹ̀.

Oníròyìn lọ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Tọ́sìdeè. Ó ti gba ààyè níbi iṣẹ́. Kò sọ fún káfíńtà. Ó bá Bàbá Sinimá lójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, tó ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nu gíláàsì. Ọkùnrin gíga kan ni, ó ti tẹ díẹ̀ léjìká. Oníròyìn kí i, ó sọ ẹni tóun jẹ́. Bàbá náà nu gíláàsì tán kó tó dáhùn.

"Ṣé ìwọ fúnra rẹ wo fíìmù náà?"

Ẹlòmíì á parọ́ níbẹ̀. Oníròyìn náà lè parọ́. Ó ní, "Rárá, sà. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí."

Bàbá Sinimá mi orí bí ẹni tó ti fura tipẹ́. Ó ní kó wọlé, kó jókòó síbi tó bá wù ú. Fíìmù náà ti kúrò lójú pátákó láti oṣù mẹ́fà, àmọ́ ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pa iná, ó tan ẹ̀rọ, òun náà wá jókòó ní ìlà mẹ́ta sẹ́yìn oníròyìn. Àwọn méjì péré nínú àga irinwó.

Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jókòó. Oníròyìn rí ọkùnrin tó gba ìbọn mẹ́ta tó sì jó. Ó rí i bí ẹ̀fẹ̀ kan ṣe ń ti òmíràn gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n tí ìkankan nínú wọn ò sì délé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín kékeré, bí ìgbà téèyàn ń gbọ́ ìtàn tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kò mọ̀ ọ́n sọ mọ́. Nígbà tó kan ibi tí bàbá arúgbó ti ń rán apá aṣọ ọmọ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mí nínú àwọn méjèèjì.

Iná tàn. Bàbá Sinimá ní, "Kò dára, àbí?"

"Kò dára, sà."

"Mo mọ̀. Kò tíì tó ogún ìṣẹ́jú tí mo ti mọ̀. Èèyàn kì í ṣi sinimá fún ogójì ọdún kó má mọ̀." Ó fọwọ́ nu eruku lórí ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀. "Ohun tó dùn mí kì í ṣe pé ó bú u. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ tí mo tọ́ wo gbogbo rẹ̀ tán, kò sì rí ẹyọ nǹkan kan níbẹ̀ tó lè fi bò mí láṣìírí."

Oníròyìn ní, "Ó rí i, sà. Èmi ni mo gé e kúrò."

Ó ti gbé ohùn náà láti inú rẹ́kọ́dà sínú fóònù rẹ̀, kò tíì pa á rẹ́ látọjọ́ náà. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn káfíńtà jáde nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo, ó sọ̀rọ̀ àga, ó sọ̀rọ̀ bàbá arúgbó, ó ní ẹni tó mú fíìmù náà wá ṣe wọ́n lóore. Bàbá Sinimá ní kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀.

"Ta ló ní kó o gé e?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n gé e. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fún mi. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni mo mú."

"Torí náà, oṣù méje ni mo fi bá ọmọ mi yan odì nítorí ohun tí ìwọ ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó retí pé á lé òun jáde. Kò lé e. Ó kàn ní kó máa lọ sílé, pé òun fẹ́ ti gbọ̀ngàn. Bí oníròyìn ṣe ń rìn lọ síbi tó ti máa wọ bọ́ọ̀sì, ó mọ̀ pé òun ti dá ọmọ padà fún bàbá rẹ̀, ó sì dá a lójú pé òun ti ba tòun jẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá Sinimá lọ sẹ́yìn ilé epo. Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e ló ròyìn bó ṣe lọ. Ó ní ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òrùlé tó ń jò, ó ní ta ló kan páànù yìí báyìí. Káfíńtà ní òun lòún kàn án. Bàbá Sinimá ní kò mọ̀ ọ́n kàn. Àwọn méjèèjì wá jókòó, wọ́n ò sì sọ ohun tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, irinṣẹ́ ti padà sẹ́yìn ilé sinimá.

Ní ti ìyàwó, bàbá náà ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Káfíńtà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, káwọn méjèèjì lọ sí kóòtù kí wọ́n so wọ́n pọ̀, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí oníròyìn gbọ́ tó gbóhùn sókè. Inú rẹ̀ dùn láti gbọ́ ọ, àmọ́ ó kọ̀. Ó ní òun ti gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, òun ò ní gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ló ṣe. Ó lọ bá olóòtú, ó gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ó sọ lórí afẹ́fẹ́ pé òun ti wo fíìmù Íńdíà tóun gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, kò dára lóòótọ́. Ó ní àmọ́ ẹnì kan sọ ibi tó dára níbẹ̀, òun sì gé e kúrò kí ètò òun lè dùn, òun ò ṣe é re. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló pè sórí ìlà. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni fíìmù wo ni wọ́n ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá láìsí ìró. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì bọ́ bàtà, ló gbọ́ kíkàn lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Sinimá ló wà níwájú nínú ẹ̀wù kóòtù tó ti pẹ́ tí kò wọ̀. Káfíńtà wà lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, bí ẹni tó ń dènà kí ẹnì kan má sá padà.

Wọ́n jókòó. Bàbá náà ní òun wá tọrọ ọmọ wọn fún ọmọ òun. Ó ní òun mọ̀ pé ó yẹ kóun ti wá tipẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ kọjá ohun téèyàn ń kó wá sí pálọ̀ onípálọ̀, àmọ́ ìyàwó náà ti sọ èyí tó ṣẹ̀ lójú òun, ó tún sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn. Òun ò rí ẹni tó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì wo káfíńtà títí, ó wá yíjú sí bàbá.

"Ẹ̀yin àti ìyàwó yín, kó tó di olóògbé, ọdún mélòó lẹ fi jọ gbé?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Bí fíìmù tẹ́ ẹ gbé wá ò bá dáa, ṣé ó máa ń sọ fún yín?"

Ìyá Tíkẹ́ẹ̀tì kọjú sí fèrèsé kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Bàbá Sinimá ní, "Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Nígbà míì, lójú àwọn tó wá ra tíkẹ́ẹ̀tì."

"Lọ́jọ́ tó bá wá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Inú á bí mi. Mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ títí iná ìdáná á fi kú." Ó ronú díẹ̀. "Àmọ́ a máa ń jọ jẹun. Kò sí ọjọ́ kan tí a ò jọ jẹun."

Oníròyìn ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ wá bọ́ bàtà iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì, ó tò wọ́n sábẹ́ àga. Ó dìde, ó lọ tú kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú Bàbá Sinimá, ó ní kó wo oṣù tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.